Àna Dọ̀bálẹ̀, Kò Dìde

Ọ̀yọ́ ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ní ọdún kejì tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́. Ìyá Àgbà Mùínàt jókòó sórí àga nínú pálọ̀, ó ń retí àwọn àna tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọrọ Títílọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ pàdé àlejò ní gáréèjì, àwọn obìnrin wà lẹ́yìnkùlé nídìí iná. Ẹni tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà ni Mátíù, bàbá ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo nǹkan ló mọ̀, kò sì fi ìmọ̀ náà dun ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

MÁTÍÙ: Ẹ kúulé o, Ìyá wa. Ẹ kú ojú lọ́nà.

MÙÍNÀT: Ẹ káàbọ̀, Bàbá Josiah. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn yòókù ńkọ́?

MÁTÍÙ: Táyà lọ́rí wọn bẹ́ lódò Ọbà, mà. Ọkọ̀ lẹ́tà ni èmi wọ̀. Wolé-wolé kì í pẹ́ dé ibi tí wọn ò retí rẹ̀, ká má tíì sọ ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

MÙÍNÀT: Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ jókòó.

MÁTÍÙ: Ẹ ṣeun, mà.

Kò dìde.

MÙÍNÀT: Mo ní ẹ dìde.

MÁTÍÙ: Mo gbọ́, mà. Mo ṣì ń bọlá fún yín ni.

MÙÍNÀT: Ṣé ẹ rí i, ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀wàá hù. Àwọn tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Títílọlá lọ́jọ́sí, kí n tó ní "ẹ dìde," wọ́n ti jókòó, wọ́n ti ń bèèrè omi.

MÁTÍÙ: Ìyẹn ò dáa, mà.

Kí ará Ọ̀yọ́ máa yin ìdọ̀bálẹ̀ ará ìlú mìíràn, nǹkan ńlá ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Mátíù ti gbìyànjú. Ó gbé orí sókè díẹ̀, pálọ̀ yí po, àga Ìyá Àgbà di méjì, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ di méjì. Ó rọra gbé orí padà sílẹ̀, nítorí ìyá àna kan ti tó o kí. Ó sì mọ̀ pé ilé tí a ti ń tọrọ ọmọ kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń ka àìsàn rẹ̀. Alárenà ti búra fún àwọn ará ilé yìí pé ìdílé Mátíù mọ́ tónítóní: kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí wárápá, kò sí wèrè. Bí àìsàn kan bá yọjú lónìí, Josiah á pàdánù Títílọlá, bẹ́ẹ̀ Josiah ò jẹun gidi mọ́ láti ọjọ́ tó ti rí ọmọ náà.

MÙÍNÀT: Ó tó wàyí, Bàbá Josiah. Ilẹ̀ tutù.

MÁTÍÙ: Ilẹ̀ yín mọ́, Ìyá wa. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ báyìí ni. Abẹ́ àga yín, wọ́n gbá a. Abẹ́ tábìlì, wọ́n gbá a. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún.

MÙÍNÀT: Bàtà aláwọ̀ pupa?

MÁTÍÙ: Pupa ni, mà.

MÙÍNÀT: Ẹ gbà mí! Láti ìtúnu ààwẹ̀ ni mo ti ń wá a! Mo ti fẹ̀sùn kan ìyàwó Stephen, ọmọ mi, lórí rẹ̀.

MÁTÍÙ: Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mà. Ẹ lọ báyìí. Èmi á dúró dè yín níbí.

MÙÍNÀT: Tó bá yá. Ẹ dìde ná.

MÁTÍÙ: Mo ń bọ̀, mà.

Kò bọ̀. Ìyá Àgbà gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń wo ẹ̀yìn agbádá tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

MÙÍNÀT: Bàbá Josiah, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Mo mọ bí ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni ṣe ń gùn tó. Èyí ti kọjá ti ìkíni, ti ẹ̀bẹ̀ nìyí. Kí ni ọmọ yín ṣe?

MÁTÍÙ: Kò ṣe nǹkan kan, mà.

MÙÍNÀT: Ó ti fún ọmọ mi lóyún.

MÁTÍÙ: Rárá o! Ẹ̀rù yín ń bà á, mà.

MÙÍNÀT: Ó níyàwó síbì kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣàìnílé ní Jọs. Ìyàwó mélòó ló wà ní Jọs?

MÁTÍÙ: Josiah ò kọjá Ìlọrin rí, Ìyá wa. Tíṣà ni.

MÙÍNÀT: Ó jalè.

MÁTÍÙ: Tíṣà ni, mà. Kí ni wọ́n ní níbẹ̀ tó máa jí? Ṣọ́ọ̀kì?

MÙÍNÀT: Tí kì í bá ṣe ọmọ, bàbá ni. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà, inú oníkálukú ni ìwà wà. Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ṣe wolé-wolé ní Ọ̀yọ́ níbí rí?

MÁTÍÙ: Mo ṣe é díẹ̀, mà. Kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Ìkòyí-Ilé.

MÙÍNÀT: Wolé-wolé kan wọ ilé yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó da omi àmù mi nù. Omi tí mo ru láti ibi tó jìn. Ó dà á sí ẹsẹ̀ mi. Ṣé ẹ̀yin ni?

MÁTÍÙ: Omi ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo dànù, mà. Tanwíjí inú omi ni mo máa ń wò, n kì í wo ojú.

MÙÍNÀT: Ẹ̀yin ni! Ìdí tí ẹ fi nà gbalaja nìyẹn!

Èèyàn tó ń bọ́ sódò kì í yan igi tó máa dì mú.

MÁTÍÙ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Ìyẹn gan-an ni! Omi àmù yẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún!

MÙÍNÀT: Kí lẹ ò ṣe sọ ọ́ tipẹ́? Ó ti kọjá. Mo ti dárí jì yín. Ẹ dìde.

MÁTÍÙ: Ẹ má tètè dárí jì mí, mà. Ẹ rò ó dáadáa.

MÙÍNÀT: Mo ti rò ó.

MÁTÍÙ: Ẹ̀ẹ̀rùn ni, mà. Omi ò sí níbì kankan. Ẹsẹ̀ yín ni mo dà á sí.

MÙÍNÀT: Mo ti dárí jì yín pátápátá, torí Ọlọ́run. Ó tó, ẹ dìde kí ọmọ aráyé má wọlé bá wa báyìí.

Ẹni tí wọ́n ti dárí jì pátápátá kò ní àwáwí mọ́. Mátíù fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ìgboyà dìde dúró. Ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá Àgbà. Ó na ọwọ́ láti fara ti ògiri, ògiri ò sí níbẹ̀. Ó rọra ń yí bí ẹni tó ń jó, ó sì padà síbi tó ti kúrò, àyà kan ilẹ̀ gbàm̀.

MÁTÍÙ: Ẹ kú ọ̀sán, mà.

MÙÍNÀT: Ẹ ti kí mi tẹ́lẹ̀.

MÁTÍÙ: Mo tún ń kí yín ni, mà.

Ìgò kékeré kan bọ́ lápò agbádá, ó yí gbiri lọ bá ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Bébà kan tẹ̀ lé e, ó tú, àwọn hóró oògùn funfun fọ́n sílẹ̀. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sórí ẹní, ó mú ìgò náà.

MÙÍNÀT: Kí nìyí?

MÁTÍÙ: Ìgò ni, mà.

MÙÍNÀT: Kí ló wà nínú rẹ̀?

MÁTÍÙ: Omi, mà.

MÙÍNÀT: Omi wolé-wolé. Tanwíjí ò sí níbẹ̀?

Ó ṣí ìdérí, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò.

MÙÍNÀT: Omi yìí korò.

MÁTÍÙ: Omi Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mà.

MÙÍNÀT: Gbòǹgbò aṣòfẹ́yẹjẹ nìyí, Bàbá Josiah. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń fún ní aṣòfẹ́yẹjẹ mu. Ẹni tó ń fa aṣọ ara rẹ̀ ya lọ́jà ni wọ́n ń fún. Ta ni wèrè ilé yín?

MÁTÍÙ: Kì í ṣe tèmi, mà. Ó ṣèèṣì bọ́ sí mi lápò nínú ọkọ̀ ni. Ti dẹ́rẹ́bà ni.

MÙÍNÀT: Dẹ́rẹ́bà tó gbé yín wá ni wèrè?

MÁTÍÙ: Rárá o!

MÙÍNÀT: Ọkọ̀ lẹ́tà! Ìjọba ń fi lẹ́tà wa lé wèrè lọ́wọ́! Abájọ tí lẹ́tà ọmọ mi tó wà ní Kánò kò fi dé mọ́.

MÁTÍÙ: Dẹ́rẹ́bà yẹn gbádùn, mà. Ẹ má bà á lórúkọ jẹ́. Ó níyàwó, ó lọ́mọ.

MÙÍNÀT: Bí dẹ́rẹ́bà bá gbádùn, ta ló ń mu èyí?

Mátíù wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bàtà pupa nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì lè ràn án lọ́wọ́.

MÁTÍÙ: Èmi ni, mà.

MÙÍNÀT: Ẹ ṣeun. Títílọlá ò lọ síbì kankan mọ́.

MÁTÍÙ: Ìyá wa!

MÙÍNÀT: Wèrè dùn ún wò, kò ṣéé bí lọ́mọ. N ò ní fi ọwọ́ ara mi fi ọmọ mi sílé tí wọ́n á ti máa dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn yín bá dé, wọ́n á jẹun, a kì í lé àlejò pẹ̀lú ebi. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa lọ.

MÁTÍÙ: Mo bẹ̀ yín, mà. Orí mi pé. Ẹ bi mí ní ìbéèrè. Ẹ bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n ń da omi inú àmù nù. Ọmọ yẹn á kú sí mi lọ́rùn bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo.

MÙÍNÀT: Ẹni tí orí rẹ̀ pé, kí ló ń fi oògùn wèrè ṣe?

MÁTÍÙ: Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ru. Dókítà so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mi orí. Ó fún mi ní hóró funfun yìí, ó ní kí n máa lò ó, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè wálẹ̀.

MÙÍNÀT: Kò sì wálẹ̀?

MÁTÍÙ: Ó ń wálẹ̀, mà.

MÙÍNÀT: Kí ló wá gbé yín dé ìdí aṣòfẹ́yẹjẹ?

MÁTÍÙ: Mo fẹ́ kó tètè wálẹ̀ ni. Ẹ wò ó, nígbà tí mo wà ní Ìkòyí-Ilé, mo lọ yẹ àgbàlá oníṣègùn kan wò, Adéríbigbé ni wọ́n ń pè é, wèrè ló ń tọ́jú. Wèrè kan sọ òkúta lù mí láàárọ̀. Wọ́n fún un ní gbòǹgbò yìí mu. Nígbà tí mo ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá." Mo rò ó títí. Ohun tó lè mú orí wèrè balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló máa fi ẹ̀jẹ̀ lásán ṣe?

MÙÍNÀT: Ẹ wá fi kún ti ọsibítù.

MÁTÍÙ: Èèyàn méjì ló ń ro oko kan, mà. Ó yẹ kó tètè tán.

MÙÍNÀT: Ó ń tètè tán lóòótọ́. Ẹ̀yin ni oko náà.

Mátíù ro ọ̀rọ̀ yìí wò láti ilẹ̀. Wolé-wolé ni, kì í ṣe ọ̀lẹ nínú ìrònú.

MÁTÍÙ: Ó jọ pé iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, mà. Èyí ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn náà ń fà á wálẹ̀. Tí mo bá wá dìde lójijì, kò sí èyí tó máa gùnkè dé orí.

MÙÍNÀT: Dókítà ò bi yín bóyá ẹ ń mu nǹkan mìíràn?

MÁTÍÙ: Ó bi mí, mà.

MÙÍNÀT: Kí lẹ sọ?

MÁTÍÙ: Mo ní kò sí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n da àgbo nù! Nọ́ọ̀sì tó dúró níbẹ̀, mo ti da àgbo ìyá rẹ̀ nù rí.

MÙÍNÀT: Adéríbigbé ńkọ́? Òun náà ò bi yín?

MÁTÍÙ: Ó bi mí ju dókítà lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ yín ò sí lára oògùn òyìnbó kankan? Igi yìí lágbára o."

MÙÍNÀT: Kí lẹ sọ?

MÁTÍÙ: Mo ní kò sí. Bí mo bá ní ó wà, á rò pé n kò fọkàn tán òun.

MÙÍNÀT: Ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú.

MÁTÍÙ: Ọmọlúàbí ni mí, mà.

MÙÍNÀT: Wèrè tó ń mu oògùn wèrè, orí rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tó ń mu oògùn wèrè lórí oògùn ọsibítù, tó purọ́ fún ẹni tó ni èyí, tó purọ́ fún ẹni tó ni ìyẹn, kí là ń pe olúwa rẹ̀?

MÁTÍÙ: Wolé-wolé, mà.

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa àwọn hóró funfun náà jọ lórí ilẹ̀, ó ń dá wọn padà sínú bébà.

MÙÍNÀT: Ọkọ mi náà ń lo oògùn lọ́wọ́ ẹni méjì. Kò sọ fún ẹnì kankan, kò sọ fún èmi. Àlejò wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó dìde kírun, ó forí kanlẹ̀, kò gbé e sókè. A dúró. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Mo ní, "Ẹ wo bí ọkọ mi ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀." Inú mi ń dùn, mo ń fi ṣògo. A dúró títí ó fi pẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ti tutù.

MÁTÍÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

MÙÍNÀT: Mo sì ti jókòó sórí àga yẹn lónìí, mo tún ń yin ìwọ náà. "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀wàá hù." Mátíù, gbọ́ mi dáadáa. N ò ní jókòó yin ẹni tó ń kú lójú mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kankan ò tíì pe Mátíù ní "ìwọ" láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó fi agbádá nu ojú.

MÁTÍÙ: Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Òótọ́ ni mo sọ fún yín. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ayé á ṣókùnkùn fún mi. Mò ń sọ fún ìyàwó mi pé àdúrà ni mò ń gbà.

MÙÍNÀT: Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ àti Josiah ẹ ó lọ bá dókítà. Ìgò yìí ni ẹ ó gbé síwájú rẹ̀. Ẹnu ara rẹ ni wàá fi sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ì báà rẹ́rìn-ín títí di alẹ́. Ohun tó bá ní kí o má mu mọ́, o ò ní mu ún mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ sọ fún Adéríbigbé.

MÁTÍÙ: Ṣé kí n kúkú da ìgò náà nù, mà?

MÙÍNÀT: Àwa kì í da nǹkan onínǹkan nù nílé yìí. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

MÁTÍÙ: Mo gbà, mà. Títílọlá ńkọ́?

Ìyá Àgbà fi ìborùn nu omi ojú rẹ̀. Ó mú ìrọ̀rí lórí àga, ó tì í bọ abẹ́ orí Mátíù bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

MÙÍNÀT: Wèrè kọ́ ni mò ń bẹ̀rù nílé yín mọ́, ìtìjú ni. Ìtìjú yín pọ̀ jù, ó ń pa yín. Ẹ mú ọmọ lọ. Ó lẹ́nu, á máa bi yín léèrè lójoojúmọ́ ohun tí ẹ mu.

MÁTÍÙ: Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, Ìyá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

MÙÍNÀT: Mo rí i.

Fèrè lọ́rí dún lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ tí eruku ti kùn, gbogbo àgbà ìdílé Mátíù, àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá, àwọn alàgbà ìjọ. Wọ́n bá Mátíù nílẹ̀ gbalaja níwájú ìyá arúgbó kan tó ń sunkún. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láìsí ẹni tó pàṣẹ, gbogbo wọn ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà nu ojú, ó wo ẹ̀yìn agbádá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

MÙÍNÀT: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa. Ẹ kú ewu ọ̀nà. A ti fún yín ní ọmọ. Ẹni tí kò bá ní oògùn kankan tó ń mu tó fi pamọ́ fún dókítà tàbí oníṣègùn rẹ̀, kó dìde, kó jókòó.

Kò sẹ́ni tó dìde.